Pijó Àtijọ́ àti Owó Epo: Kí Ni Kí Baálé Ilé Ṣe?



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún níbí, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà, àti ní gbogbo abúlé àwa Ìgbómìnà tí a bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ohun tó pọ̀ lọ́rọ̀ baálé ilé láti ọdún 2023 ni owó epo bẹntiróòlù. A lè kírun Jímọ̀ tán kí á máa kí ara wa, a lè pàdé níbi ìsọmọlórúkọ tàbí níbi yìgì, ẹni tó bá ní mọ́tò kò ní í pẹ́ kó tó dá ọ̀rọ̀ epo sílẹ̀. Ìbéèrè tí mo sì ń gbọ́ jù lẹ́nu wọn ni èyí: ṣé kí ènìyàn ta ọkọ̀ àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi owó kún owó, kó ra kékeré tí kì í mu epo púpọ̀? Àbí kó di èyí tó mọ̀ mú?

Ìbéèrè yìí wọ ilé tèmi náà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, bóyá ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Olùkọ́ ilé kéwú ni mí, mo sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Wàláà ni mo kọ́kọ́ gbé kí n tó gbé síléètì. Ìdí wàláà ni mo ti kọ́ sùúrù, ìdí síléètì ni mo ti kọ́ ìṣirò. Méjèèjì ló wúlò fún ẹni tó bá ní mọ́tò àtijọ́.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí jẹ́ Peugeot 504, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Pijó. Pijó gígùn ni, onílà ìjókòó mẹ́ta. Ọdún 2004 ni mo rà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ti fẹ̀yìntì, owó àjọ ni mo sì fi rà á. Láti ìgbà náà, òun ló ń gbé ìyàwó mi àti àpò èlùbọ́ rẹ̀ lọ sí ọjà. Òun ló ń kó àwọn ọmọ kéwú lọ síbi ìdíje kíké Àlùkùránì. Òun náà ló ń gbé wa lọ kí àwọn ẹbí wa ní Rórè, Àrán-Ọ̀rin àti Òmù-Àrán ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ààlà ìpínlẹ̀ pín wa, ẹbí kò pín.

Lẹ́yìn tí owó epo fò sókè, àkọ́bí mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo wá bá mi. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ má bínú o. Pijó yìí ti sìn yín tó. Ẹ jẹ́ kí á tà á, kí ẹ ra Toyota kékeré. Ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe ń mu epo.” Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn kí n tó la ẹnu: “Toyota kékeré wo ló máa gbé àpò èlùbọ́ mi? Ṣé orí rẹ lo máa rù ú sí?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta kí n fi wọn ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ariwo kọ́ ni a fi ń mọ iye epo tí ọkọ̀ ń mu.

Ìwọ̀n mẹ́ta ni mo lò. Èkíní: ṣé ọkọ̀ náà á gbé mi dé ibi tí mò ń lọ? Èkejì: epo mélòó ló ń mu? Ẹ̀kẹta: eélòó ni yóò ná mi láti pààrọ̀ rẹ̀?

ÌWỌ̀N KÌÍNÍ: ÌFỌKÀNTÁN

Kí á tó dá Pijó lẹ́jọ́, ó yẹ kí á mọ ìtàn rẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa níbí. Ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó, tí ọkọ̀ tí a ń pè ní Ìjàpá fi kún títì. Àkókò owó Údójì ni, owó epo rọ̀bì sì ń wọ ilẹ̀ wa bí òjò. Láti ìgbà náà ni Pijó ti di ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ ọ̀gá ilé ìwé, àti ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí òkè Ọya. Àwọn Faransé dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ akérò 504 dúró ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n Kaduna ṣì ń ṣe é títí ọdún 2000 fi kọjá.

Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Ohun mẹ́ta ló jẹ́ kí ọkọ̀ náà bá ọ̀nà wa mu. Àkọ́kọ́, ó ga nílẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ sì gùn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá rì sínú kòtò, ara ọkọ̀ kò ní í gbọ̀n lọ títí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa nígbà òjò yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Èkejì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní àṣírí. Mẹkáníìkì abẹ́ igi máńgòrò lè ṣí i, kó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣe é. Inú ẹ́ńjìnnì náà, sílíífù ni pístìn kọ̀ọ̀kan ti ń lọ tó ń bọ̀, sílíífù ọ̀hún sì ṣeé yọ. Bó bá jẹ, a kì í sọ ẹ́ńjìnnì nù. A óò fa sílíífù àtijọ́ yọ, a óò ti tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú pístìn àti rìngì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì di ọ̀dọ́ padà.

Ẹ̀kẹta, nítorí pé Kaduna ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ káàkiri. Ohun tí ẹ kò bá rí nítòsí, ẹ óò rí i ní ọjà Aráròmí ní Géètì Agodi ní Ìbàdàn, tàbí ní Ladipọ ní Èkó. Àmọ́ ẹ la ojú yín dáadáa, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Nígbà mìíràn, ẹ̀yà ara tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àtijọ́ máa ń sàn ju tuntun inú páálí lọ.

Síbẹ̀, kò sí arẹwà tí kò ní àbùkù. Álúmínì ni wọ́n fi ṣe orí ẹ́ńjìnnì Pijó. Bí omi rédíétọ̀ bá gbẹ tí awakọ̀ kò sì tètè dúró, orí náà á tẹ̀, gáásíkẹ̀ẹ̀tì á jó, ìnáwó ńlá sì dé nìyẹn. Rọ́bà tó ń gbé omi àti èyí tó ń gbé epo a máa gbó, wáyà iná a máa gbó, ìdí ọkọ̀ a sì máa dógùn-ún. Arúgbó ni arúgbó ń jẹ́.

Nítorí náà, kí ni ìfọkàntán? Lójú tèmi, kì í ṣe pé ọkọ̀ kò ní í bàjẹ́ láé. Ìfọkàntán ni pé bó bá fẹ́ bàjẹ́, á ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀, ìwọ náà á sì mọ èdè rẹ̀. Pijó mi a máa sọ̀rọ̀. Bí wọ́tà-pọ́ńpù bá fẹ́ lọ, á kọ́kọ́ máa hán bí ọmọ ajá. Bí bíréèkì bá ń tán, ẹsẹ̀ á gbọ́. Bí bátìrì bá ń kú, kọ́kọ́rọ́ á sọ ọ́ láàárọ̀.

Ní òru ọjọ́ kan ní ọdún 2011, òbí kan lára àwọn òbí ọmọ kéwú wa kan ilẹ̀kùn mi. Gìrì ti gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó tọ́jú rẹ̀ nílùú sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo. Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, Pijó dáhùn. A gba Ìkìrun kọjá nínú òkùnkùn, ìyá ọmọ ń ṣàdúà ní ìjókòó ẹ̀yìn, èmi ń yẹ kòtò. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, ọmọ náà ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, omi ti ń kán sí i lára. Ó yè, Alihamudulilahi. Ní òru bẹ́ẹ̀, ta ni yóò béèrè iye kìlómítà tí lítà kan ń gbé ni? Ọkọ̀ tí kì í mu epo tí kò sì lè jí lóru, ẹrù ni.

ÌWỌ̀N KEJÌ: EPO

Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ kọ́ ni òru ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ tó kù, owó ni à ń ná. Ẹ jẹ́ kí á wo bí owó epo ti ṣe dé ibi tó dé.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, kọ́bọ̀ 70 ni lítà epo kan. Ní ìparí ọdún 1994, ó ti di náírà 11. Nígbà tí mo ra Pijó mi ní ọdún 2004, ó ti lé ní náírà 40. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, wọ́n gbé e láti náírà 65 sí náírà 141. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ jáde sí títì, wọ́n sì dá a padà sí náírà 97. Ní ọdún 2016 ó di náírà 145. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ìjọba, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù keje tó parí, wọ́n ń ta á ní náírà 617 ní Abuja. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Láti ìgbà náà, ó ń sọ̀, ó ń gòkè, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó ti wá.

Nígbà tí epo jẹ́ kọ́bọ̀ 70, ọkọ̀ tó ń mu àmujù kò dun ẹnikẹ́ni. Lítà márùn-ún tó bá ṣòfò lọ́sẹ̀ kò ju náírà mẹ́ta àti àbọ̀ lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, lítà márùn-ún yẹn lè gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n fi di dandan.

Bí a ti ń wọ̀n ọ́n rọrùn. Ẹ lọ sí ilé epo kan tó ṣeé fọkàn tán, ẹ ní kí wọ́n rọ epo kún táńkì títí ẹ̀rọ fi dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú aago kìlómítà sílẹ̀. Ẹ máa rìn bí ẹ ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí epo bá ń lọ sílẹ̀, ẹ padà sí ilé epo kan náà, ẹ tún rọ ọ́ kún bákan náà. Ẹ kọ iye lítà tó gbà àti nọ́ńbà tuntun. Ẹ yọ nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, kí ẹ fi iye lítà pín in. Ohun tó bá jáde ni iye kìlómítà tí lítà kan ń gbé yín. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ẹ̀ẹ̀kan lè tan ni. Ẹni tí aago rẹ̀ bá ti kú kó kọ́kọ́ lọ tún un ṣe. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Nínú ìwé tèmi, Pijó ń gbé mi lọ ní kìlómítà 7 fún lítà kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní Toyota Corolla àtijọ́, òun náà wọn tirẹ̀, ó jẹ́ kìlómítà 12. Àkọ́bí mi rí i, ó ní, “Bàbá mi, ẹ ò rí i bí?” Mo ní mo rí i, ṣùgbọ́n oṣù méjì ṣì kù.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì kan tó mọ Pijó láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo ní kó má wá ohun tó bàjẹ́, kó wá ohun tó ń mu epo. Ohun tí a bá níbẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tò ó.

1. Wọ́n ti yọ tẹmosítáàtì kúrò. Àṣà àwọn kan ni, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, kò nílò rẹ̀. Iṣẹ́ tẹmosítáàtì ni láti dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná bó ti yẹ. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì á máa fi tútù ṣiṣẹ́. Epo kò ní í jó tán dáadáa, inú ẹ́ńjìnnì á sì tètè jẹ.

2. Wọ́n ti so fáànù pọ̀ kó máa yí nígbà gbogbo. Fáànù Pijó ní ọgbọ́n nínú: bí ara ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, á dáwọ́ dúró, bó bá gbóná, á tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ń yí láìdúró ń jẹ nínú agbára ẹ́ńjìnnì, epo la sì fi ń san án.

3. Bíréèkì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan kì í tú tán. Ọkọ̀ ń sáré, bíréèkì ń fà á padà. Ẹ lè mọ èyí fúnra yín: bí ẹ bá dé láti ìrìn-àjò, ẹ sún ọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ni ọ̀daràn.

4. Atẹ́gùn táyà kò tó. Táyà tó rọ̀ wúwo láti yí, bíi kẹ̀kẹ́ tí atẹ́gùn rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń lẹ táyà wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó gbóná, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lóṣù.

5. Eruku ọyẹ́ ti dí fílítà afẹ́fẹ́, kabúrétọ̀ sì ń tú epo jù. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú tó ní èéfín bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá pọ́n díẹ̀ bí ara amọ̀ tí oòrùn sá, ó dára. Mẹkáníìkì mi fọ kabúrétọ̀, ó tún un tò, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti kọ́ńtáàtì.

6. Irin ìdẹrù tó wà lórí ọkọ̀. Bí ẹrù kò bá sí lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbá mú. A tú u kalẹ̀. Ọjọ́ ọjà nìkan ni à ń gbé e padà.

Ohun gbogbo tí mo tò yìí kò gba owó tó lè ra táyà tuntun mẹ́rin. Nígbà tí mo tún wọn ọkọ̀ náà, kìlómítà 7 ti di kìlómítà 9.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ papọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan, mo máa ń rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 180. Bí lítà kan bá ń gbé mi ní kìlómítà 7, màá jó bíi lítà 26. Bó bá jẹ́ 9, lítà 20 ni. Bó bá jẹ́ Toyota tó ń gbé ni ní 12, lítà 15 ni. Ẹ wò ó: àtúnṣe Pijó dá lítà 6 padà fún mi lọ́sẹ̀. Bí mo bá tún lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí Toyota, lítà 5 péré ni yóò kún un. Ohun tó wà lábẹ́ ìbòrí ẹ́ńjìnnì mi ju ohun tó wà ní ọjà ọkọ̀ lọ. Ohun tí a ní là ń náání.

Ọwọ́ awakọ̀ náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ epo. Ẹni tó ń tẹ iná fíì tó tún ń tẹ bíréèkì gì, epo ló ń dà sílẹ̀ lójú títì. Kí ènìyàn wo iwájú, kó rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná kó tó dé ibi kòtò. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ lórí ohun kan. Àwọn awakọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, wọ́n á yọ gíà sí fíríì, àwọn mìíràn á tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ epo. Ìparun ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹ́ńjìnnì ló ń ran bíréèkì lọ́wọ́. Bí ẹ bá pa á, bíréèkì á le bí òkúta lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ àwọn òkè tó wà lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá kò gbọdọ̀ dán irú rẹ̀ wò.

Bákan náà ni epo inú kẹ́ẹ̀gì. Nígbà ọ̀wọ́n epo, àwọn kan a máa po kẹrosíìnì mọ́ ọn. Kódà ilé epo fúnra rẹ̀ kò bọ́ tán: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo kan tí ọtí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ilẹ̀ wa láti òkè òkun, ó sì da ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láàmú. Ẹ má sì tọ́jú bẹntiróòlù sínú ilé tí ọmọ ń sùn. Iná kì í mọ ẹni tó ń ṣọ́ owó.

ÌWỌ̀N KẸTA: OWÓ PÀṢÍPÀÀRỌ̀

Lítà 5 lọ́sẹ̀ ni Toyota ì bá dá sílẹ̀ fún mi. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní 1,000 náírà fún lítà kan, 5,000 náírà ni lọ́sẹ̀, 260,000 náírà ni lọ́dún. Owó gidi ni fún olùkọ́ ilé kéwú, n kò fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Tòkunbọ̀ ńkọ́? Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Dọ́là tí kò tó náírà 500 lọ́dọ̀ ìjọba kọjá náírà 1,400 ní oṣù kejì ọdún 2024. Ṣáájú ìyẹn, láti ọjọ́ kìíní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọkọ̀ má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, ọ̀nà Kútọnu tí ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ ń gbà wọlé sì há. Ní báyìí, mílíọ̀nù lọ́nà mélòó kan ni àfikún tí mo gbọ́dọ̀ wá lẹ́yìn tí mo bá ta Pijó. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù 3 péré, á gbà mí ju ọdún 11 lọ kí 260,000 ọdọọdún tó san án padà. Nígbà náà, Toyota ọ̀hún pàápàá á ti di arúgbó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ mi yàtọ̀. Òun ń ti Ìlá lọ síbi iṣẹ́ ní Òṣogbo, ó tún ń padà, lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Ìrìn rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin tèmi. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, lítà 20 ni ìyàtọ̀ lọ́sẹ̀, ó sì ju mílíọ̀nù kan náírà lọ lọ́dún. Ọdún mẹ́ta péré á san gbèsè náà. Nítorí náà mo sọ fún un pé òun gan-an ni Toyota kékeré yẹ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó ń rìn díẹ̀ tó ń kó ẹrù àti èrò púpọ̀, kó tọ́jú ọkọ̀ ńlá tó mọ̀. Ẹni tó ń dá rìn lójoojúmọ́, kó wá kékeré. Ìrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n kí ẹ tó wọn ọkọ̀.

Nígbà tó sì di pé ọmọ náà fẹ́ rà, mo bá a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, nítorí ọkọ̀ tí wọ́n ti mú gbóná dè yín lè fi àìsàn pamọ́. Ẹ wo èéfín rẹ̀: bó bá rí bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó ti gbóná, omi lè ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ẹ̀kọ mímu níbẹ̀, ẹ máa lọ. Bí aago kìlómítà bá ní ọkọ̀ náà kò rìn púpọ̀, tí rọ́bà tó ń gba ẹsẹ̀ sì ti jẹ tán, aago ti purọ́. Ẹ gbọ́ òórùn abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó, nítorí àwọn ọkọ̀ kan ti mu omi àgbàrá ní òkè òkun kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ sì béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù.

Níbi títà náà, ẹ̀rù Ọlọ́run ṣe pàtàkì. Nínú ilé kéwú, à ń kọ́ àwọn ọmọ pé dandan ni kí ẹni tó ń tajà fi àbùkù ọjà han ẹni tó ń rà. Ẹ̀kọ́ yìí kò dúró sí orí àgbàdo àti aṣọ. Ẹni tó bá yí aago kìlómítà padà, tàbí tó da ọ́ìlì tó ki sínú ẹ́ńjìnnì kí ariwo rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ di ìgbà tí owó bá wọlé, ó ti jẹ owó tí kò tọ́ sí i. Ọkọ̀ yẹn lè jẹ́ èyí tí yóò gbé aboyún lóru ọjọ́ kan tí kò ní í débẹ̀.

Pijó ṣì wà nílé mi. Àdéhùn wà láàárín èmi àti ìyàwó mi lórí rẹ̀. Oṣooṣù ni à ń fi owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àtúnṣe rẹ̀, kó má bàa jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ ni a óò gbé fún mẹkáníìkì. Ìwé ìṣirò epo wà nínú ọkọ̀. Bí kìlómítà bá lọ sílẹ̀ láti 9 sí 8, a mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, a ó sì wá a kiri kó tó di ńlá. Bó bá sì di ọjọ́ tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ lóru tí ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, màá tà á, màá sì sọ gbogbo ohun tó ń ṣe é fún ẹni tó bá fẹ́ rà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má ra ọkọ̀ nítorí ojú ọ̀rẹ́, ẹ má sì ta ọkọ̀ nítorí ẹ̀rín àwọn ará àdúgbò. Ẹ mú bíírò àti ìwé, ẹ kọ oṣù mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Owó tó bá ṣẹ́kù lórí epo, oúnjẹ ọmọ ni, owó ilé ìwé ni, sàárà ni. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa, kó má fi wá ṣòfò lójú títì. Àmín.